Pánà Màmá Sárójà

Máńgòrò mẹ́rin wà lábẹ́ eérú. Wọn kò tíì pọ́n, wọn kò tíì rọ̀, àwọ̀ ewé ni wọ́n gbé wọ inú iná. Ní báyìí, awọ wọn ń dú, omi ara wọn ń dún ṣìì lórí ògúnná, èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń yọ níbi ìdí wọn, ó ń gòkè jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́yìn ilé ńlá kan ní Jẹ́ríkò, nílùú Ìbàdàn. Oṣù kẹta ni. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn náà kò ní ojú àánú rárá.

Àbẹ̀jẹ́ jókòó lórí àpótí, ó dojú kọ ààrò. Ọ̀pá kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fi ń yí àwọn máńgòrò náà padà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń se oúnjẹ fún àwọn ará Íńdíà tó ni ilé yìí, kò sì sí ìgbà ooru kan láàárín rẹ̀ tí kò jókòó báyìí, kí ó máa sun èso tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fi ata àti iyọ̀ jẹ lábẹ́ igi.

Pánà ni wọ́n ń pe ohun mímu tí wọ́n ń fi í ṣe. Lẹ́nu Àbẹ̀jẹ́ ó ti di paná láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kò sì gbà pé òun ṣì í pè, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe náà nìyẹn. Ooru á mú, ara á gbóná, orí á máa fọ́, ife pánà kan ṣoṣo á wọlé, gbogbo rẹ̀ á sì rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ohun tó rọrùn ni, bí ènìyàn bá mọ̀ ọ́n ṣe. Ìdí ọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn: bí ènìyàn bá mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń dún nínú ilé ìdáná. Ẹ̀rọ ìlọta ni. Kávítà ló wà nídìí rẹ̀, ìyàwó Dílípù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sínú ilé yìí. Lọ́ndọ̀nù ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wá, ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyí, fóònù lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù lọ́wọ́ òsì, kò sì sí èyí tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nínú méjèèjì.

Ó gbé pánà wá láti Lọ́ndọ̀nù. Nínú ìgò! Ẹ bá mi wò ó. Igi máńgòrò mẹ́ta ló wà nínú ọgbà, wọ́n so débi pé ẹ̀ka ń kan ilẹ̀, ẹnìkan wá fi bàálù gbé máńgòrò inú ìgò wá sí Ìbàdàn. Ta ló ń rọ omi òjò sínú kèrègbè gbé lọ bá ẹni tó wà lẹ́bàá odò? Ohun inú ìgò náà ní àwọ̀ bí ọ̀dà ilẹ̀kùn. Ó dùn, kò kan, kò ní òórùn nǹkan kan. Àbẹ̀jẹ́ tọ́ ọ wò ní ṣíbí kan, ó sì tu ú dànù níṣojú ẹni tó gbé e wá.

Nígbà tí ti inú ìgò kò ṣiṣẹ́, Kávítà ní òun yóò fi ọwọ́ ara òun ṣe é. Ó kà á nínú fóònù. Ó bó máńgòrò ní tútù, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sè é lórí gáàsì, ó sì fi èdè òyìnbó sọ pé eérú dọ̀tí, pé èéfín kò dára fún aláìsàn. Eérú! Eérú tó ń fún pánà ní ẹ̀mí ni ọmọ yìí ń pè ní ìdọ̀tí. Mọ̀-ọ́n-gún, mọ̀-ọ́n-tẹ̀, iyán ewùrà kì í ṣàì lẹ́mọ. Ẹni tí kò wá mọ odó yàtọ̀ sí ọpọ́n rárá, òun ló ń kọ́ni bí a ti ń gúnyán.

Àbẹ̀jẹ́ ni Kávítà máa ń pè é, lórúkọ lásán báyìí, láìsí Màmá níwájú, láìsí Àǹtí níwájú, ẹni tó tó bí i lọ́mọ. Àbẹ̀jẹ́ kì í dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń jẹ́ kó pe òun lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè rẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Kávítà ni iná yìí fi ń jó. Nítorí ìyá arúgbó tó wà nínú yàrá ni.

Màmá Sárójà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ kọkànlá rèé. Láti àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ wọn, Bàbá Nátú, sùn tí kò jí ni Màmá ti kọjú sí ògiri, tí wọ́n sì pa ẹnu dé. Wọn kò sunkún, wọn kò kérora. Bí a bá gbé oúnjẹ dé, Màmá á di eyín pọ̀. Bí a bá gbé omi dé, omi náà á gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn ṣàn sórí ìrọ̀rí, àfi ìwọ̀nba tí a bá fi òwú tẹ́ wọn létè.

Dókítà wá láàárọ̀ yìí. Ó fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ Màmá sókè, awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò padà. Ó ní bí ilẹ̀ bá fi ṣú lónìí tí nǹkan kan kò tíì kọjá lọ́fun wọn, kí àwọn ọmọ gbé wọn wá sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n òun kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Nínú irú ooru yìí, ẹni tó ti kọ̀yìn sí ayé báyìí kì í sábà padà wálé.

Dílípù jáde, ó lọ dúró sídìí ọkọ̀ láìlọ síbì kan. Kávítà gbé ẹ̀rọ ìlọta. Àbẹ̀jẹ́ dá iná.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìfẹ́ ni o. Àbẹ̀jẹ́ kò fẹ́ràn ìyá yìí. Ta ló fẹ́ fẹ́ràn wọn? Ogójì ọdún ó lé kan ni Màmá Sárójà ti lò ní Ìbàdàn, ìdí aṣọ títà ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ Yorùbá, nínú gbogbo Yorùbá tí wọ́n sì gbọ́, èébú ló yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu jù. Ẹ káàárọ̀ wọn ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ wọn ń tiro. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní àwọn fẹ́ bú ènìyàn, háà, ẹ óò rò pé ìdí ọjà Òjé ni wọ́n bí wọn sí.

Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Màmá kò sọ pé o ṣeun rí. Bí oúnjẹ bá dára, wọ́n á jẹ ẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n á ti abọ́ sẹ́yìn, ó parí. Bó bá burú ni ẹnu ń là. Ìrẹsì rọ̀ jù: "Àbẹ̀jẹ́, ta ló bímọ tuntun tí o ń ro ẹ̀kọ fún?" Ata pọ̀: "Ṣé o fẹ́ fi ọ̀fun mi dáná ni?" Àkàrà pelebe tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ṣe jóná létí: "Gbé e fún aránbàtà, kó fi tún ìdí bàtà ṣe."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Àbẹ̀jẹ́ ti di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì tún un tú. Nínú ilé ìdáná, láàárín àwọn ìkòkò, òun náà ń bú wọn padà lábẹ́ ètè. Ẹlẹ́nu-bí-abẹ. Òróró tó ti bàjẹ́. Arúgbó tí ikú ń wò tó ń fò dá.

Ohun kan ni kò jẹ́ kó lọ. Ní ọdún tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kú lórí ìkúnlẹ̀, Àbẹ̀jẹ́ wọ yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó tilẹ̀kùn, kò jẹ, kò mu. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n ní pẹ̀lẹ́, wọ́n ní Ọlọ́run á tù ú nínú, wọ́n bá a sunkún, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ karùn-ún, Màmá Sárójà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Láti agogo méje àárọ̀ títí di agogo mẹ́sàn-án. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní ó fi òkú ṣe àwáwí kó má baà fọ ìkòkò. Inú bí Àbẹ̀jẹ́ débi tó fi dìde nílẹ̀, ó já ilẹ̀kùn ṣí láti lù wọ́n. Abọ́ ọbẹ̀ ló bá lọ́wọ́ ìyá náà. Ó gba abọ́, ó jẹ ẹ́ lóòró, ó lá ìdí rẹ̀, kò dúpẹ́.

Lánàá, ó ṣe pánà tó pé. Kò sí ibi tó kù sí. Ó gbé e fún Màmá, Màmá kò tilẹ̀ mí sí i. Kávítà ló gbé ife náà jáde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bóyá wọn kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́. Bóyá! Àbẹ̀jẹ́ fi ojú bá a wí títí ẹ̀rín náà fi tán.

Àwọn máńgòrò ti jinná. Ó ń fi ọ̀pá tì wọ́n jáde, wọ́n dúdú, wọ́n hunjọ, ajá tí ebi ń pa yóò gbóòórùn wọn, yóò sì kọjá. Ó ń bó wọn ní gbígbóná. Awọ ń ya, ara inú ń yọ, ó rọ̀ jọ̀lọ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, ó ní òórùn èéfín díẹ̀, ó ní òórùn òjò díẹ̀. Ọwọ́ ló fi ń pò ó. Ẹ̀rọ kò mọ ibi tí fọ́nrán wà, ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n. Omi rẹ̀ ń kán sínú abọ́. Ó kan, ó ń kán, ó sì ń kàn án lọ́kàn.

Ó ti yan jírà, irúgbìn wẹ́wẹ́ olóòórùn tí wọ́n ń kó wá láti Íńdíà, ó ti gún un nínú odó kékeré, gbogbo ẹ̀yìnkùlé ti gbọ́. Ó já ewé míǹtì nínú garawa fífọ́ tó gbìn ín sí, ó ya á, kò gé e. Ó bu ṣúgà. Ó bu omi inú àmù, nítorí omi fíríìjì máa ń pa ahọ́n kí ahọ́n tó mọ ohun tó ń mu.

Ó da gbogbo rẹ̀ sínú ife, ó gbé e wọ ilé ìdáná. Ó wá ku iyọ̀.

Ẹ dúró níbí pẹ̀lú rẹ̀. Ìgò méjì ló wà lórí pẹpẹ. Iyọ̀ dúdú wà nínú ọ̀kan, iyọ̀ àwọn ará Íńdíà, òkúta tí a lọ̀ kúnná, tó ń rùn bí ẹyin tó ti dọ̀bu. Bó ti ń rùn tó yẹn, pánà kò lè dùn láìsí i. Kán-ún wà nínú èkejì, èyí tí Àbẹ̀jẹ́ fi ń se ilá tirẹ̀. Bí a bá ti lọ̀ wọ́n, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sí ará Íńdíà tó lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, nítorí wọn kì í fi kán-ún sílé. Ọwọ́ Yorùbá nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ Àbẹ̀jẹ́ kò sì ṣe é rí.

Ọwọ́ náà dúró lókè, láàárín ìgò méjèèjì. Ẹ̀rọ ìlọta ti dákẹ́, Kávítà ti bọ́ síta. Alángbá kan ń mi orí lára ògiri. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó ń sun apá rẹ̀, kò sì yẹ apá.

Láti ọjọ́ mọ́kànlá, dídára ni gbogbo wọn ń fi bá ìyá yìí sọ̀rọ̀. Adùn inú ìgò. Omi ọsàn. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Orin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú fóònù. Ta ni wọ́n rò pé ó sùn síbẹ̀? Ẹni tí kò dá ohun dáradára lóhùn rí láti ọjọ́ tó ti dáyé! Ohun tó burú nìkan ló ń la ẹnu Màmá Sárójà, ẹnu tí kò bá sì là, kò lè mu.

Ẹ̀rù ń ba Àbẹ̀jẹ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bó bá ba pánà yìí jẹ́ tí ìyá náà kò sì wí nǹkan kan, a jẹ́ pé wọ́n ti lọ, a jẹ́ pé ohun tó kù lórí ibùsùn kì í ṣe Màmá Sárójà mọ́. Òun á sì mọ̀, kò ní sí irọ́ tí òun lè pa fún ara òun mọ́. Òun tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbàdúrà kí Ọlọ́run pa ẹnu yẹn dé, òun náà ló dúró síbí tó ń wá bí òun yóò ṣe là á, nítorí pé Ọlọ́run gbọ́.

"Arúgbó burúkú," ó wí fún ògiri.

Ó mú kán-ún.

Ṣíbí kan gbáko. Pánà náà hó, ó ru, ó yọ ìfófó funfun dé etí ife, kíkan àti kán-ún ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀. Kávítà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu, ó ń fi èdè òyìnbó bèèrè pé kí nìyẹn, kí ló bù síbẹ̀. Àbẹ̀jẹ́ kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára àga.

Yàrá náà ṣókùnkùn, fáànù ń yí lókè. Màmá Sárójà kọjú sí ògiri, ẹ̀yìn wọn rí pẹ́lẹ́bẹ́ nínú aṣọ funfun. Àbẹ̀jẹ́ kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbé orí wọn, orí náà fúyẹ́, ó fúyẹ́ débi pé inú bí i sí wọn. Ó gbé ife sí ètè wọn, kò rọra, kò bẹ̀bẹ̀, ó sì dà á síbẹ̀.

Kò sí nǹkan kan. Fáànù ń yí. Ìfófó ń kú lẹ́nu ife, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àbẹ̀jẹ́ ń ka ení, ó ń ka èjì, ó ń ka ẹ̀ta.

Ìpéǹpéjú kan mì. Imú hunjọ. Gbogbo ojú ìyá àgbà náà wá ká kò, wọ́n sì tu pánà jáde pẹ̀lú agbára, ó bá Àbẹ̀jẹ́ láyà pàá. Màmá yí orí padà kúrò lára ògiri. Wọ́n wo ife. Wọ́n wo Àbẹ̀jẹ́ láti òkè délẹ̀, bí wọ́n ti máa ń wo aṣọ tí kòkòrò ti jẹ.

"Àbẹ̀jẹ́."

"Mà."

"Ilá lo sè fún mi ni?"

Ohùn náà gbẹ, ó ń ha, ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò tíì ṣí láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn ni. Àbẹ̀jẹ́ gbé ife kúrò létè wọn.

"Mo ní ṣé ilá ni! Kán-ún nínú pánà! Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọ, igi ni mo ń kọ́! Ká ní ewúrẹ́ ni mo kọ́, ewúrẹ́ á ti mọ̀ ọ́n ṣe, á tún ti kọ́ ọmọ ẹ̀! Mo kàn dijú díẹ̀, o ti fẹ́ fi kán-ún pa mí."

Kávítà ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Màmá na ìka sí i, ìka náà tín-ín-rín. "Èyí ń kọ́? Kí ló ń ké fún? Ta ló kú?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde tán kí etí wọn tó gbọ́ ọ. Màmá Sárójà wo ẹ̀gbẹ́ kejì ibùsùn, ibi tí ìrọ̀rí kan wà tí orí kankan kò sí lórí rẹ̀. Ètè wọn mì. Omi kan bọ́ lójú wọn, òmíràn tẹ̀lé e, wọ́n sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mọ́kànlá, sókè, láìtijú, wọ́n di ọwọ́ Àbẹ̀jẹ́ mú gírígírí bí ẹni fẹ́ fà á ya.

Nígbà tó pẹ́, wọ́n fi etí aṣọ nu imú.

"Da ìdọ̀tí yìí nù," ni wọ́n wí. "Lọ ṣe òmíràn. Ṣe é bó ṣe yẹ. Òǹgbẹ ń gbẹ mí."

Àbẹ̀jẹ́ gbé ife, ó dìde, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń ké. Ó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, pánà ń kán láyà rẹ̀, kò rí iwájú dáadáa. Ohùn náà ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó ń le sí i. Ó ní kó fọ ọwọ́. Ó ní kó fọ ife. Ó ní kó la ojú rẹ̀ sí ara ìgò iyọ̀, bí kì í bá ṣe pé ojú náà ti fọ́.

"Ife méjì o! Ìwọ náà ò jẹ, o ò mu láti ọjọ́ yìí. Ṣé o rò pé mi ò rí ẹ ni? O ti gbẹ bíi panla!"

Ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà, ó sọ ọ́ padà: panla, panla.

"Mo gbọ́, mà," ni Àbẹ̀jẹ́ ń wí, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. "Mo gbọ́. Mo gbọ́."